Ẹ̀rù Olówó Kékeré: Àgbéyẹ̀wò Fíìmù Adẹ́rùbani Yorùbá, láti Ọ̀sọsà dé Orí Fóònù

Fíìmù adẹ́rùbani olówó kékeré ni èyí tí wọ́n ṣe láti já òǹwòran láyà, tí gbogbo owó tí wọ́n ná sí i kò sì tó ohun tí ilé-iṣẹ́ sinimá ńlá fi ń bọ́ àwọn òṣèré rẹ̀ lásán. Láàrin Yorùbá, kò sí ẹni tó ń to irú fíìmù bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò àti síídì ṣì ń tà wàràwàrà ní Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ nílẹ̀ Rẹ́mọ, àjẹ́ wà nínú fíìmù orogún, òkú tó ń rìn wà nínú fíìmù oníwàásù, iwin a sì máa yọjú nínú fíìmù aláwàdà. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti dá irú fíìmù yìí lẹ́jọ́: kò ní ilé tirẹ̀, inú ìtàn mìíràn ló ń gbé.

Ẹ̀sùn tí wọ́n sábà ń fi kàn án ni pé àìlówó ni kò jẹ́ kó dára. Ẹ̀sùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bó ṣe ń dún létí. Ọ̀pọ̀ àbùkù tí wọ́n ń dì ru àìlówó, ìkánjú ló bí i. Èyí tó sì burú jù nínú gbogbo àbùkù náà, owó kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ̀rù ti wà nínú ìtàn Yorùbá kí kámẹ́rà tó dé. D. O. Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìṣarà Rẹ́mọ, ló túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ẹni tó gbé irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ wọ inú sinimá kò jìnnà sí ilẹ̀ Rẹ́mọ rárá. Hubert Ògúndé ni, ọmọ Ọ̀sọsà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n bí ní 1916, tó ti ṣe ọlọ́pàá kó tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún tíátà láàrin àwọn ọdún 1940. Ní 1979 ó gbé Aiyé jáde, Ọlá Balógun ló sì bá a darí rẹ̀. Jáíyésinmi tẹ̀ lé e, Àròpin N'Tènìyàn sì dé ní 1982. Nínú Aiyé, Ògúndé fúnra rẹ̀ ni Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó dojú kọ àwọn àjẹ́ tó ń da ìlú láàmú.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún Aiyé wò lónìí, ohun kan yóò hàn sí i kíákíá. Ògúndé lo idán kámẹ́rà díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe idán náà ló ń mú orí wú. Aṣọ ni, ìlù ni, ohùn àwọn obìnrin tó ń gberin lóru ni, àti ọfọ̀ tí kò kánjú. Ojú ìtàgé ni Ògúndé ti kọ́ gbogbo èyí, níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ kankan tó lè ràn án lọ́wọ́. Jímọ̀ Àlíù gba ọ̀nà kan náà lórí tẹlifíṣọ̀n láàrin àwọn ọdún 1980. Fádèyí Olórò inú eré rẹ̀, Àrèlú, kò ní ju ojú, ohùn àti ọfọ̀ lọ, síbẹ̀ àwọn ọmọdé tó wò ó nígbà náà, tí wọ́n ti di bàbá àti ìyá ọlọ́mọ báyìí, kò tíì gbàgbé rẹ̀.

Owó ló dá ìgbà náà dúró. Òkè òkun ni wọ́n ti ń ra fíìmù tí wọ́n fi ń ya sinimá, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì ń san. Lẹ́yìn tí ìjọba yí ètò ọrọ̀ ajé padà ní 1986, tí náírà sì wó lulẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀gá tíátà kò lè ya sinimá mọ́. Àwọn tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ wọn dá dúró wá gbé kámẹ́rà fídíò, irú èyí tí wọ́n fi ń ya ìgbéyàwó àti ìsìnkú.

Irú nǹkan kan náà ti ń ṣẹlẹ̀ ní Gánà. Ní Accra, William Akuffo fi kámẹ́rà fídíò ya Zinabu, ìtàn àjẹ́ kan, ní 1987. Ní Èkó, Kenneth Nnebue, oníṣòwò ọmọ Ìgbò, ná owó sí fíìmù Yorùbá kan tí wọ́n pè ní Àjẹ́ Ni Ìyá Mi ní 1989, kó tó wá gbé Living in Bondage jáde lédè Ìgbò ní 1992. Àwọn tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn Nollywood láti orí Living in Bondage kì í sábà rántí pé fíìmù Yorùbá, pẹ̀lú àjẹ́ inú rẹ̀, ló ti kọ́kọ́ fi han oníṣòwò náà pé kásẹ́ẹ̀tì lásán lè mówó wọlé. Yẹkínì Àjíléye ṣe Kòtò Ayé àti Kòtò Ọ̀run. Mike Bámilóyè, tó dá ẹgbẹ́ òṣèré Mount Zion sílẹ̀ ní 1985, sọ ẹ̀rù di ìwàásù nínú Agbára Ńlá. Ọjà Ìdúmọ̀tà ní Èkó ni àwọn màkẹ́tà tó ń ta fíìmù wà nígbà náà, ibẹ̀ sì ni fíìmù ti ń gba ojú pópó Èkó sí Ìbàdàn kọjá, tí ó fi ń dé Ṣágámù lọ́jọ́ tó bá jáde gan-an. Àwọn fíìmù Mount Zion ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà: inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wò wọ́n, lọ́fẹ̀ẹ́, lórí aṣọ funfun tí wọ́n ta mọ́ ògiri.

Ohun rere tó pọ̀ jù nínú àwọn fíìmù yìí, etí ló ń gbọ́ ọ. Ilẹ̀ Rẹ́mọ dára fún ṣíṣe àlàyé rẹ̀. Níbẹ̀, awo Orò àti Elúkú wà láti ọjọ́ pípẹ́. Òru ni wọ́n ń jáde, obìnrin kò gbọdọ̀ rí wọn, ohùn nìkan ni ẹni tó wà nínú ilé ń gbọ́. Ọmọ tó bá dàgbà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ ti mọ̀, kó tó mọ̀wé kà, pé ohun tí ojú kò rí ni ẹ̀rù rẹ̀ ń pẹ́ lára. Olùdarí tó bá mọ èyí kò nílò ju igi kan tí wọ́n ń fì nínú òkùnkùn, ilẹ̀kùn tí ẹnìkan ń tì kíákíá, àti ìyá kan tó fọwọ́ bo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Kò sí kọ̀ǹpútà kan tó lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó rọrùn láti lò yìí kì í ṣe ohun ìṣeré. Ní oṣù keje ọdún 1999, ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó wà níta lálẹ́ Orò ní Ṣágámù di ìjà láàrin Yorùbá àti Haúsá, ẹ̀mí púpọ̀ sì bọ́ sí i. Olùdarí tó bá fẹ́ fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bani ń ya ẹ̀rù lọ́wọ́ àwọn tó ni ín ni, ó sì yẹ kó mọ bí gbèsè náà ti tó.

Ohun rere kejì wà ní ojú òṣèré. Margaret Bándélé Ọláyínká, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìyá Gbonkan, ti ṣe àjẹ́ nínú fíìmù tó pọ̀ débi pé àwọn kan ń bẹ̀rù rẹ̀ níta. Bí kámẹ́rà bá dúró jẹ́ẹ́ sójú rẹ̀, tí kò sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ti parí. Àṣejù máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí olùdarí kò bá gbà pé ojú náà tó, tí ó wá fi kọ̀ǹpútà ya iná pupa sí i nínú ẹyinjú.

Èyí tó dára jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ìdúró: kí òǹwòran mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀, kó má sì mọ ìgbà tí yóò dé. Thunderbolt: Mágùn, tí Túndé Kèlání darí, tó jáde ní 2001 láti inú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí, ni àpẹẹrẹ tó yanjú jù. Ọkọ kan fura sí ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì fi mágùn sí i lára láìjẹ́ kó mọ̀. Kò sí iwin, kò sí egungun òkú. Gbogbo Yorùbá mọ ohun tí mágùn ń ṣe, nítorí náà fíìmù náà kò ṣe àlàyé púpọ̀. Ọjọ́ tó ń lọ nìkan ló ń fi hàn. Iye owó tí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ń náni kò ju ti ìtàn tí wọ́n kọ dáadáa lọ. Bákan náà ni òkú ìyàwó Andy, ọkùnrin tó fi ìyàwó rẹ̀ ṣe oògùn owó nínú Living in Bondage. Aṣọ funfun àti ìdúró ni gbogbo ohun tó fi ń wá ọkọ rẹ̀ wá. Ẹ̀bi ọkọ náà ló ń dẹ́rù bani, aṣọ náà kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà. Ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, George Romero àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi nǹkan bí 114,000 dọ́là ya Night of the Living Dead ní 1968. Dúdú àti funfun nìkan ni wọ́n yà á, nítorí náà omi ṣokoléètì ni wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀. Nínú Halloween tí John Carpenter ṣe ní 1978, ìbòjú tí apànìyàn náà dé kò ju nǹkan bí dọ́là méjì lọ. Wọ́n rà á ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà funfun. The Blair Witch Project, tó jáde ní 1999, kó àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta wọ inú igbó, àwọn òṣèré náà ló sì ń di kámẹ́rà mú. Òǹwòran kò rí àjẹ́ náà títí fíìmù fi parí, bẹ́ẹ̀ ló sì pa iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 250 dọ́là. Paranormal Activity, tí Oren Peli yà nínú ilé ara rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 15,000 dọ́là, tó sì kọ́kọ́ hàn ní 2007, tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Ohun tí àwọn wọ̀nyí ṣe ni pé wọ́n mú àìlówó wọ inú ìtàn. Kámẹ́rà ń gbọ̀n nítorí ọmọ tó dì í mú ń sá lọ. Àwòrán kò mọ́ nítorí òru ni. Òǹwòran kò kà á sí àbùkù, ẹ̀rí ló kà á sí.

Ní Èkó, C. J. Obasi ṣe irú rẹ̀ nínú Ojuju ní 2014. Owó tó ní kò tó nǹkan kan. Omi ìdọ̀tí tí àwọn ará àdúgbò aláìní kan ń mu ló ń sọ wọ́n di òkú tó ń jẹ ènìyàn, ìtàn náà sì wáyé ní àwọn ọ̀nà tóóró tí kò sí ibi tí ènìyàn lè sá gbà. Àjọyọ̀ sinimá AFRIFF fún un ní àmì ẹ̀yẹ fíìmù Nàìjíríà tó dára jù ní ọdún náà. Bí wọ́n bá fún un ní owó tó pọ̀, ó ṣeé ṣe kó lọ kọ́ ilé àtọwọ́dá, kí ọ̀nà tóóró náà sì sọnù.

Bí irú iṣẹ́ rere yìí bá ṣeé ṣe, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ fíìmù kò fi dé ibẹ̀? Àbùkù tí ojú àti etí ń rí ló rọrùn jù láti kà. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ń wọ inú ọ̀rọ̀ òṣèré. Ìran tó yẹ kó jẹ́ òru mọ́lẹ̀ kedere bí ọ̀sán, tàbí kó ṣókùnkùn débi pé kò sí ohun tí ojú ń rí. Iná tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ń léfòó lókè ọwọ́ babaláwo láìkan ọwọ́ náà. Lóòótọ́, owó wà nínú díẹ̀ lára èyí. Ṣùgbọ́n àìsí owó kọ́ ló ń jẹ́ kí orin dún kí àjẹ́ tó yọ. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù, orin ti ń pariwo nígbà tí ìyá ọkọ ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn, òǹwòran sì ti mọ ohun gbogbo kó tó jókòó. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ̀rù ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú wo, ẹ̀rín ló kù fún un, ẹ̀rín náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣágámù ń rín.

Ìkánjú ló bí ọ̀pọ̀ nínú èyí, ìkánjú náà sì ní ìdí. Láyé kásẹ́ẹ̀tì àti síídì, màkẹ́tà tó fi owó sílẹ̀ a máa fẹ́ kí fíìmù náà di apá kìíní àti apá kejì, kí ó lè tà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìtàn tó yẹ kó gba wákàtí kan àbọ̀ wá di wákàtí mẹ́ta. Níbi tí ẹ̀rù ti yẹ kó máa ga sí i, àwọn ìpàdé àjẹ́ lábẹ́ igi ni wọ́n fi ń dí àlàfo, tí olúwarẹ̀ á sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ní ìgbà mẹ́rin. Ẹ̀rù kò fẹ́ àtúnwí. Ohun tó dẹ́rù bani lẹ́ẹ̀kan ti di ojúlùmọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Òpin ìtàn tún jẹ́ àbùkù kan tí kò ní owó nínú. Pásítọ̀ tàbí wòlíì, nígbà mìíràn ààfáà, yóò dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn, yóò pariwo, àjẹ́ yóò ṣubú, ó parí. Ẹlòmíràn lè sọ pé Ògúndé náà ṣe bẹ́ẹ̀, pé Ọ̀ṣẹ́túrá ló borí nínú Aiyé. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀ṣẹ́túrá ti wà nínú ìjà náà ṣáájú òpin, nítorí náà ìṣẹ́gun rẹ̀ jẹ́ ohun tó ṣiṣẹ́ fún. Pásítọ̀ tí òǹwòran kò tíì rí rí kò ṣiṣẹ́ fún ohunkóhun. Àwọn fíìmù Mount Zion tó dára mọ èyí, wọ́n sì máa ń fi ìdààmú òjíṣẹ́ Ọlọ́run hàn láti ìgbà tí ìtàn bá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó fara wé wọn lẹ́yìn náà ló gbàgbé.

Àbùkù tó burú jù wà nípa ta ni àjẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ fíìmù wọ̀nyí, obìnrin ni, àgbàlagbà ni, opó tàbí ìyá ọkọ tàbí ìyàwó bàbá ni. Àkọlé Àjẹ́ Ni Ìyá Mi ti sọ gbogbo rẹ̀. Èyí kì í ṣe eré lásán ní ilẹ̀ tó ti rí ohun tí irú ìfura bẹ́ẹ̀ lè dá sílẹ̀. Láàrin 1950 àti 1951, ẹgbẹ́ Àtíńgà, tó gba Dahomey wọlé láti Gold Coast, ń wá àjẹ́ kiri ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tó wà nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn òde òní. Àwọn obìnrin àgbà ni wọ́n ń tọ́ka sí. Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi ipá mú wọn jẹ́wọ́, títí ìjọba fi fòfin dè é. Abala 210 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn sọ fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn di ẹ̀ṣẹ̀ títí di òní. Ní ìhà ìlà-oòrùn, fíìmù End of the Wicked tí Helen Ukpabio gbé jáde ní 1999 fi àwọn ọmọdé hàn bí àjẹ́. Àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọdé ka irú fíìmù bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tó fà á tí àwọn òbí fi ń lé ọmọ wọn jáde, ìpínlẹ̀ Akwa Ibom sì ṣe òfin lòdì sí pípe ọmọdé ní àjẹ́ ní 2008. Kámẹ́rà tí wọ́n rà ní owó pọ́ọ́kú lè fi ọmọ ọdún méje hàn bí apànìyàn gẹ́gẹ́ bí èyí tó wọ́n ti lè ṣe é. Níbi yìí, òṣùwọ̀n owó kò wúlò mọ́.

Oògùn owó ni ẹ̀ka kejì ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Abẹ́òkúta tí wọ́n pa ọmọbìnrin kan fún oògùn owó. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Nàìjíríà jíròrò lórí ọ̀ràn náà ní oṣù kejì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì na ìka sí fíìmù. Àwọn ọlọ́pàá ní tiwọn sọ pé Facebook ni ọ̀kan nínú wọn ní òun ti kọ́ ọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Shaibu Husseini, olórí àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, kéde ní Enugu pé òfin tuntun yóò dè fíìmù tó bá ń ṣe oògùn owó lógo.

Ó yẹ kí a pín ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí àwọn tó ń dá fíìmù lẹ́bi kì í sábà wò wọ́n tán. Fíìmù oògùn owó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa parí sí ìyà nígbà gbogbo: olówó náà yóò ya wèrè, yóò kú, tàbí kí òkú máa lé e. Ìpín àkókò ni ìṣòro. Bí wákàtí méjì bá fi mọ́tò, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti àríyá hàn, tí ìyà sì gba ìṣẹ́jú mẹ́fà, ọmọ tó wò ó yóò rántí mọ́tò. Fíìmù tó bá bẹ̀rẹ̀ ìyà náà láti ìdajì ìtàn, tí ó jẹ́ kí ọrọ̀ àti ìbẹ̀rù máa jọ rìn, kò ní irú àbùkù bẹ́ẹ̀. Living in Bondage ṣe èyí ju ọ̀pọ̀ àwọn tó tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lọ.

Àtakò kan wà tó jinlẹ̀ ju ti àwọn aṣòfin lọ, ọmọ Rẹ́mọ ló sì dúró fún un. Táí Ṣólàárín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì gba idán gbọ́. Ó fi ipò ọ̀gá àgbà sílẹ̀ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, níbi tí kò ti sí ẹ̀sìn nínú ètò ilé-ẹ̀kọ́. Lójú irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, fíìmù tó fi àjẹ́ hàn bí òtítọ́ ti ṣe ìpalára, ìbáà jẹ́ pé ìyà ló fi parí. Ìdáhùn tó wà fún un ni pé ẹ̀rù inú ìtàn kò nílò ìgbàgbọ́. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí Blair Witch já láyà kò fi bẹ́ẹ̀ gba àjẹ́ gbọ́. The Figurine, tí Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, ṣe ní 2009, tilẹ̀ mú ìjà náà wọ inú ìtàn. Ère òrìṣà kan fún àwọn ọ̀rẹ́ méjì ní ọdún méje ayọ̀ àti ọdún méje ìbànújẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, òǹwòran kò lè búra bóyá òrìṣà ló ṣe é tàbí ènìyàn tó ń jowú. The Figurine kì í ṣe fíìmù olówó kékeré, ṣùgbọ́n àrà tó dá yìí kò ná an ní kọ́bọ̀ kan. Inú ìwé tí wọ́n fi kọ ìtàn náà ló wà. Ó yani lẹ́nu pé àwọn tó ń ṣe fíìmù àjẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ kò tíì gbà á lò bó ṣe yẹ.

Títà náà ti yí padà. Síídì kò tà mọ́, àwọn àdàkọ ọjà Alábà ní Èkó sì ti jẹ púpọ̀ nínú èrè rẹ̀ kó tó kú. Irú ìpalára bẹ́ẹ̀ ò mọ sí Nàìjíríà nìkan: nígbà tí wọ́n yí àkọlé Night of the Living Dead padà kó tó jáde, wọ́n gbàgbé láti kọ àmì ẹ̀tọ́ olóhun sí ẹ̀dà tuntun, òfin Amẹ́ríkà ìgbà náà sì sọ ọ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni lè tà. Lónìí, orí YouTube ni púpọ̀ nínú fíìmù Yorùbá wà, ọjọ́ mélòó kan péré ni wọ́n fi ń ya àwọn mìíràn. Apá kìíní àti apá kejì ti ń pòórá nítorí kò sí màkẹ́tà tó ń tà á lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Ìyẹn nìkan ti mú ìtàn kúrú, ó sì ti ṣe ẹ̀rù lóore. Ṣùgbọ́n ìyára iṣẹ́ náà ti ń lé kámẹ́rà kúrò nínú igbó àti ìlú àtijọ́ wá sí pálọ̀, nítorí pálọ̀ ní iná, kò sì sí ẹni tí wọ́n máa san owó ilẹ̀ fún. Fún ìdí yìí, àwọn ibi tó sún mọ́ Èkó bíi Rẹ́mọ, tí igbó, ilé alámọ̀ àti odò ṣì wà lẹ́bàá ojú pópó, tún níye lórí fún ẹni tó bá fẹ́ yà á ní ìta.

Ojú fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wò ó báyìí, nínú bọ́ọ̀sì, lójú oòrùn, ìran tó ṣókùnkùn kò sì hàn lójú fóònù rárá. Aṣọ àjẹ́ tí wọ́n rán lówó ńlá ti di bí àtàǹpàkò. Ohun tó kù fún olùdarí ni ohùn, nítorí ẹni tó fi ẹ́ẹ̀píìsì sí etí ń gbọ́ èémí òṣèré ju bí àwọn tó wò ó ní gbọ̀ngàn ṣe gbọ́ ọ lọ. Àwọn olùdarí tó ti róye èyí ń ná owó kékeré tó wà lọ́wọ́ wọn sórí máíkì kí wọ́n tó ra ohunkóhun mìíràn.